Màmá, Ọgọ́rin Ló Kù

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́bàá èbúté, omi iyọ̀ ń kán tó-tó láti etí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó tẹ̀ síwájú lórí sílíńdà afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó fi ọwọ́ òsì kọ ojú géèjì kan sí ògiri, ó sì yí ojú tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣí ẹnu sílíńdà náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí aláìsàn wà. Afẹ́fẹ́ wọ inú ọ̀pá rọ́bà pẹ̀lú ìró kékeré. Ó dúró díẹ̀. Ìgbà náà ló tó yí ojú géèjì náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọdún kẹfà rèé tí ọkùnrin náà ti ń wọ abẹ́ omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ìdí ọkọ̀ ojú omi wò, àti àwọn òpó tó gbé èbúté dúró. Ó mọ̀ pé géèjì ni aago kékeré tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà fún òmùwẹ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn lè rẹ́rìn-ín sí i bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ojú ń tì í ni?" ó béèrè.

"Ojú ń ti ta ni?" Ọ̀dọ́bìnrin náà kò tilẹ̀ yíjú padà.

"Géèjì yẹn. Mo rí i pé ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri."

"Bí gíláàsì rẹ̀ bá fọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọlé, ògiri ni yóò bà, kò ní ba ojú mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ máa ń kọjú tiyín sí?"

Ọkùnrin náà ronú. Ojú ara rẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí. "Mo máa ń wò ó lójú ni," ó ní, "kó má baà rò pé ẹ̀rù òun ń bà mí."

"Ẹ dúpẹ́ pé ojú yín ṣì pé méjì." Ó wá yíjú padà, ó sì rí géèjì tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, tó ń fì dirodiro, tí iyọ̀ ti gbẹ sí lára. Gbogbo ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ gbé e fún mi kó tó fi orí gbálẹ̀."

Ó fi tówẹ̀lì gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó rì í sínú bàsíà omi tí kò níyọ̀, ó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì tẹ ọ̀pá rọ́bà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tí rọ́bà ti wọ inú irin, ó ń wá ibi tó bá sán. Lẹ́yìn náà ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ báyìí, nítorí náà orí òdo ló yẹ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ló wà. Kò sóhun tó ṣe é. Iyọ̀ lẹ fẹ́ fi pa á. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ tí ẹ bá jáde nínú òkun, ẹ má sì sá a sóòrùn."

"Kò sóhun tó ṣe é?" Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn burúkú fún.

"Rárá. Ẹ máa lọ, Oníyọ̀. Ilẹ̀ mi ti rin gbindin."

Ilé ìyá rẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní yàrá iwájú, ìyá rẹ̀ sì ń ránṣọ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí òkun. Òmùwẹ̀ ni bàbá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá wọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e gòkè, afẹ́fẹ́ ti tán pátápátá nínú sílíńdà rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ géèjì rẹ̀ ṣì wà lórí àádọ́rin. Ó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá ń wò ó, àádọ́rin ló ń rí.

Ìbànújẹ́ kì í pariwo nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń jókòó sórí àga tí ẹnì kan ti máa ń jókòó, kò sì ní dìde. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ náà ṣe kọ́ iṣẹ́ géèjì. Nítorí rẹ̀ náà ni ìyá ṣe ní òfin kan ṣoṣo: ẹni tó bá ń wọ abẹ́ omi kò ní fẹ́ ọmọ òun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Oníyọ̀ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí ogún láìsí afẹ́fẹ́ nínú géèjì. Ọ̀dọ́bìnrin náà tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ti padà sórí ogún.

"Géèjì yín yìí lórí kunkun o."

"Ó fẹ́ràn ọwọ́ yín ni, Dókítà."

"Ṣé géèjì ló fẹ́ràn ọwọ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí géèjì ná."

Ó rẹ́rìn-ín títí irinṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á jọ rìn dé ibi tí ògiri èbúté pin sí. Ọkùnrin náà máa ń sọ fún un nípa abẹ́ omi, bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó, àti àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè oúnjẹ. Òun náà sọ fún un bí bàbá rẹ̀ ti máa ń súfèé láti ìsàlẹ̀ òpópónà, kí ìyá rẹ̀ lè gbé omi kaná. Ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ojú òkun ni ọ̀dọ́bìnrin náà ń wò nígbà tó dáhùn.

"Màmá mi ò ní gbà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti gbà látìgbà tí ilẹ̀ mi ti rin."

Ó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. "Mo ti ká aṣọ òmùwẹ̀ pamọ́ rí," ni ìyá dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ká irú ẹ̀." Ṣùgbọ́n ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìyá fi ní kí ọkùnrin náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí òun lè rí i dáadáa. "Wíwò ni mo ní mo fẹ́ wò ó o. Mi ò ní mo gbà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, Oníyọ̀ tún gbé géèjì dé, ìgbà kẹrin. Abẹ́rẹ́ wà lórí ogún. Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí gíláàsì rẹ̀, ó sì mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lẹ́bàá ìdí abẹ́rẹ́ náà ló ti rí àpá tóóró kan tó ń dán. Iyọ̀ kì í dá irú àpá bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ kékeré ló dá a.

"Ta ló ṣí géèjì yìí?"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Èmi ni. Ìgbà kìíní tí mo wá, o ní kò sóhun tó ṣe é. Kí ni mo tún fẹ́ gbé wá?"

Ó ń retí kí ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o fi wọ omi báyìí?"

"Láàárọ̀ yìí nìkan. Mo mọ iye tí mo fi kún un. Ogún ni. Mo ń yọ ọ́ kúrò nínú iye tí mo bá rí."

"Bàbá mi náà mọ̀ pé abẹ́rẹ́ òun máa ń lẹ̀. Ó máa ń fi èékánná ta gíláàsì rẹ̀, á sì tún lọ. Títí dọjọ́ tí kò lọ mọ́." Ó gbé géèjì náà sórí tábìlì bí ẹni pé ó gbóná. "Iyọ̀ ló kọ́ tirẹ̀ ní irọ́. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ tìẹ. Jọ̀ọ́, máa lọ."

"Dókítà, ìfẹ́ ló..."

"Máa lọ."

Ọjọ́ Àìkú pé. Ọmọ náà kò tíì lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlejò kò ní wá mọ́. Ó wà nínú yàrá iwájú tó ń nu irinṣẹ́ tí kò dọ̀tí, nígbà tó gbọ́ ohùn Oníyọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàsán, Màmá. Mo wá láti wá tọrọ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan kan, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́, ogún, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò fi ìfẹ́ ṣe àwáwí. Nígbà tó parí, ìyá dìde, ó ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé nǹkan kan tó fi aṣọ funfun wé jáde. Ó tú u. Géèjì ni, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà lórí àádọ́rin.

"Ọdún méjìdínlógún," ìyá ní. "Kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, kò sì tíì sọ òótọ́ títí dòní. Ọkọ mi mọ̀ pé ó ń lẹ̀. Èmi ò mọ̀. Kò fẹ́ kí n máa dààmú." Ó tún un wé. "Ìwà òmùgọ̀ lo hù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣùgbọ́n o wá sọ. Òun ò sọ. Nítorí ìyẹn nìkan ni mi ò ṣe tíì lé ẹ jáde. Gbọ́. Wá géèjì mìíràn. Kó o tó máa fi wọ omi, ọmọ mi á fi géèjì àgbà tó gbé kọ́ ara ògiri, èyí tí kì í purọ́, wọ̀n ọ́n wò. Nígbàkígbà tó o bá jáde, wàá wá sí fèrèsé yìí, wàá sọ iye tó kù fún mi. Ó gbọ́dọ̀ ju àádọ́ta lọ."

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"Títí mo fi máa lè gbọ́ ohùn rẹ láìgbójú sókè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́bìnrin náà wọn géèjì tuntun náà láìsọ̀rọ̀, ó sì tì í padà sí i lórí tábìlì láìwò ó. Lójoojúmọ́, ọkùnrin náà á dé ojú fèrèsé, omi á máa kán lára rẹ̀. "Màmá, ọgọ́ta ló kù." "Màmá, àádọ́rin." Ìyá á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, á sì mi orí pé òun ti gbọ́. Nínú yàrá iwájú, ẹnì kan á dáwọ́ dúró pẹ̀lú. Bí òjò bá rọ̀ tí ọkùnrin náà fi pẹ́ dé, ẹni náà á ti jáde sẹ́nu ọ̀nà ní ìgbà mẹ́ta, á ní ooru ló ń mú òun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

"Màmá, àádóje ló kù."

Ìyá dìde dúró. "Kí ló dé?"

"Mo rí ìfófó tó ń jáde níbi tí rọ́bà ti wọ irin. Mo fọwọ́ kàn án, ó ti wú. Mo bá gòkè. Ọ̀gá wa ní kékeré ni, kí n padà lọ parí iṣẹ́ nítorí ọkọ̀ náà fẹ́ gbéra. Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí n má padà wá lọ́la."

Ilẹ̀kùn yàrá iwájú ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin náà jáde, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú.

"Jẹ́ kí n rí i."

Ó tẹ rọ́bà náà, ó sì là lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ń wò ó, omijé sì ń bọ́ sórí ọ̀pá náà.

"Omi iyọ̀ lò ń dà sí i yẹn o, Dókítà," ọkùnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "O ní iyọ̀ ò dára fún un."

"Panu mọ́, Oníyọ̀." Ó fi apá nu ojú. "Ṣé o ò ní padà sísàlẹ̀ bí wọ́n bá tiẹ̀ bẹ̀ ọ́?"

"Mo ní ẹni tí mo ń wá ròyìn fún. Ẹni méjì. Ọ̀kan ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́."

Ìgbà náà ló dì mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo omi ara rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, ní gbangba òpópónà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀gá náà gbọ́ bí rọ́bà náà ṣe là, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó gbé géèjì gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú garawa, ó ní kí Dókítà bá òun wọ̀n wọ́n, kí Oníyọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú mọ́kànlá, méjì ni abẹ́rẹ́ wọn ń lẹ̀. Ọ̀gá wò wọ́n títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ kọ orúkọ sí ìwé ìgbéyàwó, ìyá gbé géèjì tó fi aṣọ funfun wé yẹn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bá mi tún un ṣe," ó ní. Wákàtí kan ni ọmọ náà fi yọ iyọ̀ ọdún méjìdínlógún kúrò nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ rí i bí abẹ́rẹ́ náà ti gbọ̀n, tó kúrò lórí àádọ́rin, tó rìn padà sórí òdo. Ìyá fọwọ́ kan gíláàsì náà. "O ti dé," ó ní, bí ẹni tó ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló fún ọkọ ọmọ rẹ̀ ní àpò kékeré kan tó fi aṣọ nípọn rán, tó tẹ́ fóòmù sínú, èyí tí yóò máa gbé géèjì sí kó má fì mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Oníyọ̀ wọ omi. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, àpò náà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ró nínú yàrá.

"Màmá, ọgọ́rin ló kù."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Lọ fọ iyọ̀ ara rẹ kí ìyàwó rẹ tó pariwo."

Ẹ̀rọ náà kò dúró. Ìyá kò sì gbójú sókè.