Ẹni Tó Dáhùn Nínú Àwọsánmà

Orí ìkúnlẹ̀ ni Sójà, ẹni tó ti jagun rí, ti kọ́kọ́ bá ọmọbìnrin kan, tó ń fi orúnkún tẹ afẹ́fẹ́ jáde lára páráṣúùtì, aṣọ ńlá tó ń gbé ẹni tó bẹ́ láti inú bàlúù sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti ká a sínú àpò fún ẹgbẹ́ eléré òfurufú. “Fọkàn balẹ̀” ló máa ń sọ fún ẹni tó bá gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n sì ń pè é.

“Ṣé ẹ̀yin náà máa ń bẹ́?” Sójà bi í.

“Èmi kẹ̀? Ilẹ̀ ò tíì lé mi kúrò.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ àwọn ológun tó bá ṣiṣẹ́, ọ̀gá lè ní kí ẹni tó ká a gbé e kọ́ kó sì bẹ́. Níbí, eré lẹ̀ ń ṣe, ẹnì kankan ò dà mí láàmú.”

Sójà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn Fọkànbalẹ̀ ti fà sí i.

Ìfẹ́ wọn gbóná kíákíá. Ohun kan ló ń kó jìnnìjìnnì bá ọmọbìnrin náà. Àwọn yòókù máa ń tètè fa okùn tó ń ṣí páráṣúùtì, ṣùgbọ́n Sójà á máa já bọ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá sì tú páráṣúùtì Sójà láti tún un ká, iyanrìn funfun á dà sílẹ̀. Koríko ló wà ní gbogbo pápá wọn.

“Olólùfẹ́ mi, ibo lò ń bà sí?”

Sójà bu iyanrìn náà sọ́wọ́. “Lójú ogun, gbogbo wa la jọ bẹ́ sétí òkun. Èmi nìkan ni mo dìde. Ní báyìí, tí mo bá ti wọnú àwọsánmà, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀gá ṣe máa ń pè é láàárọ̀ ká lè dáhùn. Bí mo ṣe ń sún mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ orúkọ tèmi. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré.”

Nígbà tí Sójà lọ tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, bàbá ọmọbìnrin náà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Èmi náà ti bẹ́ rí. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo bẹ́, torí wọ́n rán mi, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń retí wa. Ìwọ, ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Àwọn tá a jọ bẹ́ lójú ogun ló ń pè mí.”

Bàbá dìde.

“Mi ò bímọ fún ẹni tí òkú ń pè. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣíwọ́, kó o padà wá.”

Sójà ní òun á bẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kóun fi dágbére fún wọn. Fọkànbalẹ̀ mọ irú ìdágbére tó ní lọ́kàn, èyí tí kò ní padà bọ̀. Ó yọ́ lọ bá olùkọ́ ẹgbẹ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ́. Nígbà tọ́jọ́ pé, ó ká àpò méjì, ó sì gbé èkejì kọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe yìí?” Sójà bi í.

“Èmi ni mo ká a. Ó kàn mí láti bẹ́.”

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n bẹ́. Nínú àwọsánmà, ariwo afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró lójijì. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ, ẹnì kan sì ń dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá etí Fọkànbalẹ̀: “Mo wà ńbí.” “Mo wà ńbí.” Ó wá kan orúkọ tí ìyá Sójà sọ ọ́. Fọkànbalẹ̀ rí i tí olólùfẹ́ rẹ̀ la ẹnu láti dáhùn.

“Kò sí níbí!” ló fi gbogbo agbára kígbe. “Ọ̀dọ̀ mi ló wà!”

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ohùn náà wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ìwọ ta ni?”

Ó pa ẹnu dé, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá dáhùn á di tiwọn. Ó fa okùn Sójà, ó fa tirẹ̀, wọ́n sì balẹ̀ sórí koríko.

Nígbà tí wọn ò pe Sójà mọ́, Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa Fọkànbalẹ̀ lé e lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó. Sójà kò bẹ́ mọ́, kò sì sí iyanrìn mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé wọn, wọn kì í pe ara wọn láti yàrá dé yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹnì kejì á rìn lọ bá a, á fọwọ́ kàn án léjìká. Nígbà mìíràn, bí aya bá ń gbálẹ̀, ohùn kan á bi í láti òkè àjà pé, “Ìwọ ta ni?” Sójà á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ títí yóò fi kọjá.