Dókítà Òkun Kò Mu Oògùn Tó Ń Tà

Má tíì ká ìwé pélébé yìí jù nù. Ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Òkun. Kì í ṣe dókítà. Ewé inú òkun ló ń ṣà létí omi. Á sá a sórí páànù, á sè é títí omi rẹ̀ á fi ki, á sì rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ní oògùn jẹjẹrẹ inú ikùn ni. Irọ́ gbuu ni.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, onígbàgbọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò, ló ti gbọ́ ohun tó sọ di irọ́ náà. Ọ̀rẹ́ yìí sọ fún un nígbà kan pé àwọn ń yọ nǹkan kan lára ewé òkun, pé bí àwọn bá kán an sórí jẹjẹrẹ nínú àwo gíláàsì, jẹjẹrẹ náà a máa kú. Dókítà Òkun kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré lọ wá ìgò.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà gbọ́ ohun tó ń tà, ó wá bá a ní ìsọ̀. Ó ní inú àwo gíláàsì kì í ṣe inú èèyàn, pé àwọn ṣì ń wádìí, àwọn kò tíì fún aláìsàn kankan. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ronú pìwà dà kí ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni má baà wá sórí rẹ̀. Dókítà Òkun lé e jáde bí ajá. Ó ní ìlara ló ń dà á láàmú, pé kó gbé Jésù rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá a.

Ìyá aránṣọ kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, jẹjẹrẹ rẹ̀ kò tíì tàn. Dókítà Òkun wo ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn yín, ó parí. Èyí ni kẹ́ ẹ máa mu.”

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ọ̀dájú sì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Dókítà Òkun fúnra rẹ̀. Oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ìgò kún ìsọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Ṣé ó mu ún? Rárá o. Ó fa fìlà bojú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ìwòsàn.

Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní ó tètè wá, pé àwọn lè gé e kúrò. Bó ṣe ń jáde, ó rí ìyá aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì, ó ti rù kan eegun, ọmọbìnrin rẹ̀ gbá a mú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Kò bú u. Ó kàn bi í pé, “Dókítà, kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé oògùn yín tán ni?”

Dókítà Òkun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún níwájú gbogbo aláìsàn. Ọ̀rẹ́ tó lé jáde ló ránṣẹ́ pè. Ìyẹn dé, kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Apààyàn ni ẹ́. Gbà bẹ́ẹ̀. Apààyàn náà ni Jésù kú fún.”

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ké pe Jésù bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Kó tó gba iṣẹ́ abẹ, ó dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé òun parọ́, kí wọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n tutọ́ sí i lójú. Ìyá aránṣọ kú. Ọmọ rẹ̀ kò tíì dárí ji ọkùnrin náà títí dòní, n kò sì dá a lẹ́bi. Àmọ́ Ọlọ́run ti dárí jì í.

Ìwọ ńkọ́? O ní ìwọ kì í ta oògùn. Ta ló bi ọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ń tọ́jú pa mọ́ yẹn ń jẹ ọ́ nínú, o sì mọ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Wọ́n sọ fún ìyá aránṣọ pé ó ti pẹ́ jù. Jésù kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn.