Ohun Tí Ẹnu Wọn Ń Sọ

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́. Aránṣọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, orí rẹ̀ sì pé.

Etí aránṣọ yìí ti di láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ibà kan tó gbé e dè. Etí ló di o, ẹnu rẹ̀ ò di. Ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ojú ló sì fi ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Bí ètè rẹ bá ti mì báyìí, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn. Kódà bó bá kẹ́yìn sí ọ, kọ́kọ́ wò ó bóyá dígí wà níwájú rẹ̀ kó o tó ṣòfófó.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń wo sinimá nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Bàbá wọn tó ti di olóògbé ló fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, pẹ̀lú páálí fíìmù àtijọ́ kan, dúdú àti funfun, tí kò sí ohùn nínú ọ̀kankan. Wọn a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọn a fa kọ́tìnnì, yàrá a sì ṣókùnkùn biribiri lọ́sàn-án gangan. Màmá wọn a jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan báyìí, a wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje tí gbogbo ilé ń pè ní Ariwo. Ẹ̀gbọ́n a dúró ti ẹ̀rọ. Aránṣọ ló ń ṣe ìkarùn-ún wọn.

Òun gan-an sì ni adùn ibẹ̀. Èdè tiwa ni àwọn òṣèré ayé ọjọ́un yẹn ń sọ, wọn ò sì lérò pé ẹnì kan máa gbọ́ wọn láéláé. Ọkùnrin kan a kúnlẹ̀ níwájú olólùfẹ́ rẹ̀, omijé a lé ròrò sójú rẹ̀. Ariwo a gbọn orúnkún àǹtí rẹ̀ jìgìjìgì.

"Ó ní bàtà òun ń fún òun lẹ́sẹ̀," ni aránṣọ á wí.

Wọn a rẹ́rìn-ín títí gèlè Màmá á fi bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fíìmù ìdílé kan tó ń jẹun ni wọ́n gbé sí i. Wọ́n ti wò ó tó ogún ìgbà. Ìyá inú rẹ̀ máa ń bu ọbẹ̀, a sì máa bá ọkọ rẹ̀ jà lórí iyọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó wo inú yàrá.

Ètè rẹ̀ mì. "Wọ́n ti jókòó."

Ọkọ rẹ̀ ò yíjú. "Ẹni mélòó ni wọ́n lónìí?"

Ojú obìnrin náà ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mẹ́fà."

Aránṣọ sọ ọ́ síta bó ṣe rí i. Ilẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́, ìyẹn ló fi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti pa ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sójú ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn.

"Mélòó lo pè é?"

"Mẹ́fà."

"Márùn-ún ni wá."

Lójijì ni Màmá fò sókè bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n yí tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ìyàwó wa! Àbí o ti lóyún ni?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ariwo ni wọ́n ti ń retí òmíràn. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu, ó tún ṣí i.

"Màmá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ. Mo ní kó má lọ já sófo."

Ha! Ilé dàrú. Ẹ̀gbọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ sókè gàlè. Màmá ń jó láìsí ìlù, Ariwo ń fò lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ aránṣọ, omijé rẹ̀ rin ín léjìká. "Eyínfúnjowó mi, ẹnu rẹ á máa jẹ iyọ̀!"

"Ẹ tún un gbé sí i!" ni Ariwo ń ké. "Ká tún gbọ́!"

Wọ́n yí i padà sẹ́yìn. Obìnrin náà tún gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Mẹ́fà," ló wí.

Ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o ka ti inú aboyún yẹn mọ́ ọn?"

"Rárá o. Mi ò tíì ka ìyẹn."

"Ta wá ni ẹni kẹfà?"

"Èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Obìnrin náà wá yí ojú sí aránṣọ, òun nìkan ṣoṣo.

"Èyí tí etí rẹ̀ di yẹn ń gbọ́ wa."

"Kò ní sọ," ni ọkọ rẹ̀ fèsì, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ.

Aránṣọ bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́tìnnì ò mì. Kò sẹ́nì kankan. Ọwọ́ Ariwo ń gbọn orúnkún rẹ̀, ó ń bèèrè.

"Mẹ́fà náà ni wọ́n ní," ló wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló fẹ́ ba irú ayọ̀ báyìí jẹ́?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n yẹ nọ́ọ̀sì wò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Oyún ti dúró. Nígbà tí gbogbo wọn ń kí ara wọn, aránṣọ yọ́ wọ yàrá, ó fa fíìmù náà síbi fèrèsé, ó ń wo àwòrán rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan nínú oòrùn. Nínú gbogbo wọn, ṣíbí wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Inú àwo ọbẹ̀ ló ń wò. Kò sí ibì kan tó ti gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi fíìmù yìí sílẹ̀ ná," ló bẹ̀ ẹ́.

"Èyí tó mú ìròyìn ayọ̀ wá? O ò mà ṣe dáadáa!" Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dá a lóhùn.

Nígbà tí Sọ́ńdè míì kò, wọ́n ti fa kọ́tìnnì kí aago mẹ́ta tó lù. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Nọ́ọ̀sì nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́tẹ̀ yìí, torí Ariwo ti wà lẹ́sẹ̀ àǹtí rẹ̀, kó má bàa pàdánù ọ̀rọ̀ kan.

Ìmọ́lẹ̀ fíìmù tàn sára gbogbo wọn. Obìnrin náà gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà ti ṣófo," ló wí.

"Ṣé ó ti lọ ni?"

"Ó ti jókòó. Ó ti sún mọ́ aboyún yẹn."

Ariwo gbọn orúnkún àǹtí rẹ̀. Aránṣọ ò lè yọ ojú lára bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo aṣọ funfun. Láìbojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kó etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sún díẹ̀, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.