Agolo Gíríìsì Ọ̀gá Elétí

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì kì í bọ àpò. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sì gùn.

Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni ọkùnrin náà ń ṣe. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga bá bàjẹ́ ládùúgbò, òun ni wọ́n ń pè. Yóò ti imú sukurudiráfà mọ́ ara ẹ̀rọ, yóò gbé etí lé èèkù rẹ̀, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Elétí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Súìṣì kékeré kan máa ń wà lára pọ́ǹpù, òun ló ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí omi bá gbẹ tàbí bí ó bá gbóná jù. Bí súìṣì náà bá ti pa ẹ̀rọ, oníbàárà a ní iṣẹ́ Ọ̀gá Elétí ò dáa, kò sì lè gba ìyẹn. Nítorí náà ló ṣe máa ń fi ẹ̀mú gé wáyà súìṣì yẹn. Ẹ̀rọ ò ní dákẹ́ mọ́ títí yóò fi jóná. Bó bá wá jóná, a ní, "Ọjọ́ ẹ̀ ló pé."

Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ó ní àtọ̀gbẹ. Inú bí i bí ẹni tí wọ́n bú. Ó ní, "Èmi tí mò ń fi ọwọ́ kan gbé pọ́ǹpù? Ibo ló ń dùn mí?" Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ní kó búra. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun ò ní fo ọjọ́ kan.

Irọ́ ni. Láràárọ̀ ni ìyàwó ń kó oògùn lé e lọ́wọ́, láràárọ̀ ló sì ń dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, tí yóò jù ú sínú ògbólógbòó agolo gíríìsì lábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Yóò wá fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ṣí ọ̀fun. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń bá Ọlọ́run náà lò nìyẹn: ó ń lọ sílé ìsìn, ó ń ṣe àmín, kò sì gbé ọ̀kankan mì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ télọ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra. Onínúfùfù ni télọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ kí Jésù tó gbà á. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Elétí wá rán ṣòkòtò. Télọ̀ na téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó kúnlẹ̀, ó nà án yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì tún un nà.

"Ọ̀rẹ́, ìbàdí ẹ ti dín ní ínṣì mẹ́ta, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ wá ń wú. Kí ló dé?"

"Inú omi ni mo ń dúró sí láti àárọ̀. Wọn aṣọ ẹ, jàre."

"O tún ń mí bí ẹni tó sáré, àtẹ̀gùn mẹ́rin péré lo gùn wọlé." Télọ̀ ò dìde. "Mò ń gbàdúrà fún ẹ. Ara ẹ ń sọ nǹkan, Ọlọ́run náà ń sọ ọ́. O ò gbọ́ ọ̀kankan."

Ọ̀gá Elétí rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń fi etí jẹun? Tí nǹkan kan bá ń bàjẹ́ lára mi, èmi ni màá kọ́kọ́ gbọ́."

Ó rò pé gbogbo ohun tó bá ń bàjẹ́ ló ń pariwo.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, èémí rẹ̀ gé létí kànga kan. Kò ké, nítorí kò dùn ún. Ó kàn ṣe é bí ẹni pé omi ń kún un láti inú wá. Tòun ti gíríìsì lọ́wọ́ ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan fi ẹ̀rọ wo àyà rẹ̀, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Ọ̀gá Elétí rí ọkàn ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ojú iṣẹ́ ló fi wò ó, ó sì mọ̀ pé pọ́ǹpù yẹn ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò gbé omi.

"Bàbá, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ti mú kí ẹran ọkàn yín le," ni dókítà wí. "Kì í tú dáadáa mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú ẹ̀, agbára tó fi ń tì í jáde náà ti lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí omi máa kún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀ yín. Apá ibí yìí tiẹ̀ ti kú. Ó ti tó oṣù mélòó kan."

"Ó kú, kò sì dùn mí?"

"Àtọ̀gbẹ máa ń ba iṣan tó ń gbé ìrora dé ọpọlọ jẹ́. Ọkàn yín ké, igbe ẹ̀ ni ò dé ọ̀dọ̀ yín."

Ọ̀gá Elétí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí ẹ̀mú, ó rántí gbogbo wáyà tó ti gé.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn láti sọ ọ́. "Kò fo ọjọ́ kan rí, dókítà. Ó búra fún mi."

Dókítà ní á jẹ́ pé oògùn náà ò ràn án nìyẹn, òun á kọ èyí tó le jù ú lọ. Ọ̀gá Elétí gbọ́, kò sì sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú ikú lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbéraga ṣì di ẹnu rẹ̀ pa. Apá yìí bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá Elétí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ìbúra àti agolo, ó sì bi í bóyá Ọlọ́run lè tún ọkàn òun ṣe.

"Mi ò mọ̀ bóyá ó máa tún ẹran yẹn ṣe," ni télọ̀ fèsì. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù kú fún òpùrọ́, ó sì jíǹde, kò lé ẹni tó wá bá a rí. Àmọ́ òótọ́ lo máa gbé wá."

Ọ̀gá Elétí sunkún. Ó ní, "Jésù, mo ti gé wáyà tìẹ náà. Mo gbọ́ ẹ, mo sì pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ṣàánú mi." Àdúrà rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló rán télọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lọ gbé agolo náà wá.

Nígbà tí ìyàwó dé ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Elétí gbé agolo náà fún un, ó sì jẹ́wọ́. Obìnrin náà ṣí i. Oògùn ọdún mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́ra nínú gíríìsì, funfun ti di dúdú.

Ó jókòó, ó gbé agolo náà lé itan. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láràárọ̀ pé ẹ ń lò ó."

Obìnrin náà sunkún títí ó fi tó o. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó sì na oògùn ọjọ́ náà sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ̀nyẹn ti lọ," ló wí. "Ẹ mu tòní."

Ọkùnrin náà mu ún lójú rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún dókítà. Oṣù mẹ́jọ ló tún lò láyé. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti gé wáyà súìṣì wọn, ó bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan bú u. Ó so wáyà mọ́kànlá padà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọkàn náà ò yá. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó mu oògùn rẹ̀ tán, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù.

Ó wá ku ìwọ. O lè má ní àtọ̀gbẹ. Bí o bá ní in, lọ lo oògùn rẹ. Agídí kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí o dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwọ nìkan mọ̀ yẹn, ó dùn ọ́. Nígbà kejì, díẹ̀ ni. Nísinsìnyí kò dùn ọ́ mọ́ rárá, o sì ń pe ìyẹn ní àlàáfíà. Àlàáfíà kọ́. Nǹkan kan ti kú níbẹ̀.

Níbo ni agolo tìrẹ wà? Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí irọ́ rẹ? Gbé e jáde. Jẹ́wọ́ fún Jésù níbi tí o jókòó sí, kí o tó pa ìwé yìí dé. Gbogbo àánú tí o ti dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tí o sì jù nù ti lọ. Tòní ni Jésù nà sí ọ yìí. Gbà á.