Bàtà Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀

Màmá Ayọ̀níkẹ́ ti Ifo wá sí Mowe láti wá wẹ ọmọ tí Ayọ̀níkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ń hó lórí sítóòfù, màmá sì ń kọrin. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, ewu iná kì í pa àwòdì, ìyá àti ọmọ ti délé. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ayọ̀níkẹ́ wà lórí àpótí kékeré, ó tẹ̀ ba lórí ọmọ, ó ń fún un lọ́mú.

"Mọ́mì, ẹ̀yìn yìí ti ń le jù o. Ara mi sì tún gbóná."

"Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ẹ lẹ́yìn nígbà iṣẹ́ abẹ ni. Kò sẹ́ni tó gbà á tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wá, jẹ́ kí n fi omi gbígbóná jó ẹ."

Ó ki aṣọ ìnura bọ omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú abẹ́rẹ́ náà. Ayọ̀níkẹ́ ké. Ìyá ní kó ṣe bí obìnrin.

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀níkẹ́ ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òsì òun lára dáadáa, ìtọ̀ ò sì fẹ́ wá. "Abẹ́rẹ́ náà ni," ni ìyá tún wí, ó tún gbé omi kaná. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìgbà tí Ayọ̀níkẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ló tó pariwo pé kí wọ́n wá gbé e lọ sí ọsibítù ní Ibafo.

"Mà, kí ló dé tí ẹ ò tètè mú wọn wá?" ni dókítà bi í.

"Mo rò pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀yìn máa ń dun ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ, mà, àmọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ ló sábà máa ń fà á. Oyún ti fa iṣan ẹ̀yìn, a sì tún wá ń tẹ̀ ba lórí àpótí. Àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì ló yẹ, kí ìrọ̀rí gbé ọmọ sókè dé ọmú. Kí ìyá kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ yí kó tó dìde. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Èyí á dín ìrora kù. Ṣùgbọ́n kí ara gbóná, kí ẹsẹ̀ kú, kí ìtọ̀ má wá, ìyẹn yàtọ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ kì í dúró deni. Ọyún ti gbá jọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, ó ń tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀."

Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ayọ̀níkẹ́ yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò padà bọ̀ sípò.

Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri ilé báyìí, bàtà ìyá rẹ̀ sì ń wọ́ tẹ̀ lé e, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Màmá ti padà sí Ifo, àmọ́ tó bá ti gbé omi kaná, á gbọ́ bàtà yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Á yíjú, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á nínú ilé ara rẹ̀.

Ayọ̀níkẹ́ kò bá a jà rí. Ó kàn jẹ́ pé kò lè kúnlẹ̀ kí i mọ́. Tí ìyá bá wá kí wọn ní Mowe, ògiri ni Ayọ̀níkẹ́ máa ń dì mú, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," ìyá á sì gbójú sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìyá ọmọ, tó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má tíì sọ ohun tó fà á. Ẹ bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó gbóná. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yàtọ̀, ẹ pa sítóòfù, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.