Ohun Tó Ràdọ̀ Bò Wọ́n ní Lugbe

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, ọ̀nà Lugbe kò jìnnà. Kó lọ bá Mùfúlíátù aránṣọ, kó ní kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ han òun.

Lọ́dún 2004, adìyẹ mẹ́fà ni obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ń sìn lẹ́yìnkùlé. Ó wá ra òròmọdìyẹ mẹ́wàá kún wọn. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti pa ẹyin wọn. Wọn kò mọ ìyá rí. Ó tọ́ wọn nínú páálí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó fi wáyà là wọ́n láàárín sí àwọn àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú wọn lè mọ ara wọn. Lẹ́yìn náà ló ká wáyà kúrò.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn àgbà ṣá wọn lórí, wọ́n ṣá wọn nídìí. Kí oòrùn tó wọ̀, méjì ti kú. Ó dá wáyà padà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ká a. Ẹ̀kẹta kú.

"Ẹ̀yin ìkà yìí!" Mùfúlíátù ju ìgbálẹ̀ lù wọ́n. "Ó ti sú mi! Ṣé èmi ni kí n wá máa ràdọ̀ bò wọ́n ni?"

Jàbárù, ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá Balkis, pa àwọn àgbà, ká jẹ wọ́n, ká sinmi."

"Ẹ̀yin náà ẹ kúrò níbẹ̀ jàre."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò gbọ́ ariwo kankan. Ó jáde. Àwọn àgbà ti há ara wọn mọ́ orí igi tí wọ́n ń sùn sí. Igun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò.

Àwọn òròmọdìyẹ méje wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe òbìrìkìtì, wọ́n kọ ìdí síra wọn, wọ́n yọ orí síta, bí ìgbà tí àgbébọ̀ bá bò wọ́n. Àárín wọn ṣófo.

*Kọ́... kọ́... kọ́...*

Ohùn náà rọra ń dún. Kò sí àgbà kankan tó lanu.

Àgbébọ̀ pupa, èyí tó burú jù nínú wọn, fò sílẹ̀, ó forí lé àwọn ọmọ. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí nǹkan fi gbá a padà. Ìyẹ́ fò. Ó sá gòkè, ó ń gbọ̀n.

Mùfúlíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àárín àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ gbóná. Ìyẹ́ ni. Ó ń mí.

Ohun tí kò rí náà ṣá a lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Ìṣó ló gún ọ," ni Jàbárù wí láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìṣó wo? Ẹ fọwọ́ kàn án kí n rí i."

Jàbárù wo igun náà. "Mo ń lọ síbi iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà, àwọn àgbà kò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun mọ́. Wọ́n ń rù. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, Mùfúlíátù kó àwọn òròmọdìyẹ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé wọn fún Rosemary, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Kàbbà, ní Galadimawa.

Kó tó padà délé ló ti ń gbọ́ ọ láti ìta. Igbe adìyẹ tí àwòdì gbé lọ́mọ. Ó ń yí ẹ̀yìnkùlé po. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dé abẹ́ fèrèsé. Wọn kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

"Jọ̀ọ́, lọ gbé wọn padà wá," ni Jàbárù sọ ní ọjọ́ kẹta. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Rosemary ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Wọn ò fẹnu kan oúnjẹ. Apá Lugbe ni wọ́n ń kọjú sí."

Mùfúlíátù da apẹ̀rẹ̀ náà délẹ̀ lẹ́yìnkùlé. "Gbà! Gba ọmọ rẹ! O ti fẹ́ gbẹ̀mí mi!"

Igbe náà dáwọ́ dúró. Àwọn òròmọdìyẹ sáré lọ sí igun wọn.

Mùfúlíátù ṣí àpò oúnjẹ adìyẹ, ó bu díẹ̀ sínú abọ́ kan, ó gbé e síwájú wọn, ó sì wọlé. Nígbà tó jáde lọ́sàn-án, abọ́ ti ṣófo. Ẹyin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì gbóná. Àwọn àgbà kò tíì kúrò lórí igi.

"Lọ dín in," ni Jàbárù wí.

Mùfúlíátù fi ẹyin náà sílẹ̀ níbi tó bá a.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di méjì.