Ìṣù Ìyẹ̀fun Tí Gbémiga Fún Àjíbíkẹ́

Ẹni bí ni là á jọ. Ẹ tọ́ ọmọ ẹkùn pọ̀ mọ́ ọmọ ewúrẹ́, ẹ fi èèpo iṣu bọ́ ọ, ọjọ́ tí èékánná rẹ̀ bá yọ ni yóò sọ ilé tó ti wá. Ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi pa òwe yìí. Àjíbíkẹ́ ló wá rí i pé ohun tí ojú lásán kò tó pàápàá a máa jọ ẹni tó bí i, ọjọ́ tó sì rí i ni ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ibafo ni òun àti Gbémiga ti pàdé, lọ́dún 2006, nígbà òjò. Àjíbíkẹ́ ń kàwé kún ìwé ní yunifásítì nígbà náà. Iṣẹ́ tí tísà rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó wá ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí í mú ìyẹ̀fun wú, káàkiri ilé búrẹ́dì, kó sì wo bí wọ́n ṣe ń dàgbà sí nígbà tí kẹ́míkà líle bá bá wọn. Ló bá gbé kúlà kékeré kọ́ apá, ó ń ti ilé búrẹ́dì kan bọ́ sí òmíràn, láti Mowe tí ó ń gbé títí dé Ibafo.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i sójú. Ìjọba ti fòfin de búrómétì, kẹ́míkà tí í mú búrẹ́dì wú rọ̀gbọ̀dọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ó lè fa jẹjẹrẹ, gbogbo àwọn tó ń dáná búrẹ́dì sì ń fura sí àlejò. Obìnrin kan tiẹ̀ fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

"Ọlọ́pàá búrẹ́dì! Máa lọ, o ò ní bá ohun tí ò ń wá níbí!"

Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé epo. Gbémiga, ọ̀gá ibẹ̀, jáde sí i, ìyẹ̀fun ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti bàbá arúgbó.

"Ẹ káàsán, sà. Ìyẹ̀fun tí ẹ ti pò ni mò ń tọrọ, díẹ̀ ló tó."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni?"

"Rárá, sà. Ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ wò."

Ṣàràfá, òṣìṣẹ́ tó ń po ìyẹ̀fun nínú ilé, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Yéè! Ọ̀gá, ẹ̀mí ti wọ búrẹ́dì wa! Èmi ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin náà ẹ tètè pe pásítọ̀ yín!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Gbémiga nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Antí, ẹ padà wá lọ́la, n óò tọ́jú èyí tó dáa fún yín. Nílé tiwa, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ búrómétì."

Lọ́jọ́ kejì, ó fún un ní ìṣù ìyẹ̀fun nínú ọ̀rá funfun. Ó wá mú un lọ wo ike ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn kì í ra ìwúkàrà inú páálí bí ti àwọn ará yòókù, ó ní. Lójoojúmọ́, wọ́n ń gé díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, èyí ni yóò mú ti ọjọ́ kejì wú. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ifo, kí Gbémiga tó mọ̀wé kà.

"Bàbá mi ti lọ sọ́run, ṣùgbọ́n ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò ṣì ń mí nínú ike yìí. Ẹ wò ó bó ṣe ń hó."

Omijé wá sójú Àjíbíkẹ́. Bàbá tirẹ̀ náà ti lọ. Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ọkùnrin yìí wọ inú rẹ̀.

Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, "sà" ti di "Gbémi mi." Gbémiga a gun ọ̀kadà wá sí Mowe lọ́sàn-án Sátidé, búrẹ́dì gbígbóná a sì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Àjíkẹ́ mi, ìwọ tí ò ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ojú ò tó, ṣé o ti wo ìfẹ́ mi níbẹ̀?"

"Mo gbìyànjú. Kò gba inú ẹ̀rọ."

Ìyá Àjíbíkẹ́ ni ayọ̀ rẹ̀ kún jù. Ọ̀pọ̀ ààwẹ̀ ni ó ti gbà nítorí ọkọ ọmọ rẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Àjíbíkẹ́ ti ń mú ọmọ wọn lọ sí iléèwé. Kò pẹ́ tí òun náà fi tẹ́ tábìlì síwájú ilé tó ń ta búrẹ́dì Gbémiga. Àwọn ẹbí ọkọ wá láti Ifo, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde.

Iṣẹ́ ń lọ ní yunifásítì. Nítorí pé ó dá Àjíbíkẹ́ lójú pé ìwúkàrà Gbémiga kò mọ búrómétì rí, òun ni ó fi ṣe ìwọ̀n tó ń wọn gbogbo ìyókù. Ó to àwọn abọ́ gíláàsì kéékèèké, ó fi ìwúkàrà àti búrómétì sínú wọn, ti abọ́ kọ̀ọ̀kan ń le ju ti èyí tó ṣáájú lọ, ó sì kó wọn sínú àpótí olóoru kí ìwúkàrà lè dàgbà. Ó mọ̀ pé ti Gbémiga ni yóò kọ́kọ́ kú. Ọmọ tí a kò nà rí, ẹgba kan ni í sọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó ṣí àpótí olóoru náà, ìwúkàrà àwọn ilé búrẹ́dì yòókù ti kú. Ti Gbémiga nìkan ló ń dàgbà, funfun báláú, títí dé abọ́ tó le jù.

Àjíbíkẹ́ rò pé òun ti ṣi abọ́ gbé. Ó tún un ṣe. Ó fọ gbogbo nǹkan, ó gbàdúrà sí i, ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni pé nínú abọ́ tí kò ní búrómétì rárá, ṣe ni ti Gbémiga ń falẹ̀ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó gbé e lọ fún tísà rẹ̀, Dókítà Ọmọlabí, obìnrin tí kì í pariwo. Dókítà fi ìwúkàrà náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lókè òkun tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó pe Àjíbíkẹ́ jókòó.

"Ọmọ mi, nínú ìwúkàrà, purotéènì ni òṣìṣẹ́. Bí ìwúkàrà ti ń bímọ, àṣìṣe a máa wọlé nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ kan á yí ìrísí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìpalára ni. Ṣùgbọ́n níbi tí májèlé bá wà lójoojúmọ́, ẹyọ kan tí àṣìṣe tirẹ̀ jẹ́ kó lè fara dà á ni yóò yè, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì kún ibẹ̀. Purotéènì kan ti yí padà nínú èyí. Kì í ṣe àná ló mọ búrómétì. Búrómétì ló tọ́ ọ dàgbà. Ìwúkàrà inú páálí ti àwọn yòókù, tuntun ni nígbà gbogbo, kò ráyè kọ́ ọ."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, mà. Ẹni tó fún mi kì í fi sí i."

"Ta ni ẹni náà?"

Àjíbíkẹ́ gbé àpò rẹ̀, ó dìde. Ojú tì í, bí ẹni pé òun ló po májèlé náà.

Láti ibẹ̀, Ibafo ló gbà lọ. Oòrùn ti wà lókè. Gbémiga ń to páànù, Ṣàràfá ń po ìyẹ̀fun.

"Àjíkẹ́ mi! Ìyàwó ilé búrẹ́dì!"

"Gbémi, ṣé o máa ń fi búrómétì sí i?"

"Èmi? Ọlọ́run gbọ́! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwúkàrà rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwúkàrà ti ń sọ̀rọ̀?"

"Inú èyí tí o fún mi ni a ti rí i."

"Irọ́ ni! Inú èyí tí mo fún ẹ? Kò lè sí níbẹ̀! Ọ̀tọ̀ ni mo po tìẹ, èmi fúnra mi ni mo pò ó, ìyẹ̀fun àti omi nìkan, mi ò jẹ́ kí Ṣàràfá fọwọ́ kàn…"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ Ṣàràfá dúró nínú ìyẹ̀fun. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo Àjíbíkẹ́, ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ohun kan wà tí Gbémiga kò mọ̀. Ó fọ ọwọ́, ó fọ abọ́, ó wá ìyẹ̀fun tó mọ́. Ṣùgbọ́n inú ike bàbá rẹ̀ ni ó ti gé ìwúkàrà tó fi sí i, ohun tí ìran ìwúkàrà náà sì ti jẹ láti ọdún pípẹ́ wá ti di ara wọn.

Ó kúnlẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. "Dárí jì mí. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí búrẹ́dì wa ò bá ga bí ti àwọn tó kù, ta ni yóò rà á? N óò jáwọ́, mo búra."

"Kì í ṣe búrómétì ló dùn mí jù, Gbémi. Ìyẹn, ǹ bá bá ẹ gbàdúrà sí i. Ìṣù tí o jí pò fún èmi nìkan ló dùn mí. O gbàlejò mi tẹ̀rín tẹ̀rín, o sì ti múra irọ́ sílẹ̀ dè mí. Mo fi irọ́ yẹn wọn ti gbogbo èèyàn."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ! Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Kí wọ́n tó wá mú ọjọ́ ni mo ti jẹ́wọ́ fún Màámi. Àwọn ló ní kí n pa á mọ́ra títí a ó fi ṣègbéyàwó."

Àjíbíkẹ́ sún sẹ́yìn. "Màámi ta ni?"

Gbémiga nawọ́ sí ọ̀nà Mowe.

Nígbà tó dé Mowe, ìyá rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń nu eruku kúrò lára ọ̀rá búrẹ́dì. Ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló wò tó ti mọ̀.

"Ó ti sọ fún ẹ."

"Ẹ mọ̀, Màámi. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń tà á fún àwọn ọmọ àdúgbò."

"Rọra sọ̀rọ̀, èrò ń kọjá." Ìyá fà á jókòó. "Ọkùnrin wo ni kò ní àbùkù? Kò mutí, kò na obìnrin, ó ń sin Ọlọ́run. Mo ní kẹ́ ẹ wọlé ara yín ná, ìwọ fúnra rẹ á wá tún un ṣe. Ṣé nítorí ìwúkàrà lo máa fi kọ ọkọ tí mo fi ààwẹ̀ gbà?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Màámi. Títí di báyìí, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá gbé oúnjẹ síwájú mi, n óò máa ronú èyí tó pò sọ́tọ̀ fún mi. Tí mo bá sì sá wálé, ọ̀dọ̀ ta ni n óò sá sí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá rẹ̀. Ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bó ti máa ń kì í láti kékeré tí ó bá ń sunkún:

"Àjíbíkẹ́ ọ̀kín, a-jí-fi-ẹ̀rín-kí-ọjọ́,
ọmọ abẹ́ àpáta tí òjò kì í pa,
ọmọ a-fòkúta-ṣodi, tí ọ̀tá ń wò lókèèrè…"

"Ẹ má kì mí, Màámi."

Ìyá yọwọ́ lórí rẹ̀. Ọmọ kan wá ra búrẹ́dì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó yí padà. Àjíbíkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, bí ó ti yẹ kí ọmọ ṣe.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ lọ sí Ifo lọ́la. Ẹ fi ẹnu yín sọ fún ẹbí Gbémi pé kí wọ́n má wá mọ́."